Okùn Tí Mo Rà fún Bàbá Bùnmi

Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì 1998

Ìyá Àgbẹ̀bí wá bá wa láàárọ̀ yìí kí n tó gbálẹ̀ tán. Igi arère tó wà lẹ́yìn ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa ní Òkè-Ìlá ló gbé e wá. Ó ní igi náà ti ń tẹ̀ sórí òrùlé. Àwọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Àkúrẹ́ wò ó, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò lè gba àárín ilé wọ̀nyẹn kọjá, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bàbá Bùnmi kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ní òun á ṣe é. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó ní. Ọkọ mi nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kó lọ gé òṣùpá, ibi tí wọ́n fẹ́ kó já sí ni yóò kọ́kọ́ béèrè.

A jọ lọ wò ó. Ó fi ẹ̀yìn àdá kan ìdí igi náà, ó dún bí ìkòkò òfìfo. Inú rẹ̀ ti jẹrà. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gé lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ilé ló yí i ká. Láti òkè ni wọ́n á ti máa gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń gé e á sì so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni náà ni Bàbá Bùnmi. Aboyún mẹ́rin ló wà nínú ilé àgbẹ̀bí lónìí. Ọ̀kan nínú wọn ń fọ aṣọ lábẹ́ igi náà gan-an, ó ń kọrin.

Èmi ni mò ń tọ́jú irinṣẹ́, mo sì mọ irú okùn tí a ní. Mo bi í lójú ọ̀nà pé okùn wo ló máa fi gùn ún. Ó ní owó tí a kó jọ, ẹ̀rọ ìgégi ni a ó fi rà. Mo ní okùn ńkọ́. Ó ní okùn ṣì dára.

Ọjọ́rú, 11 Fẹ́búárì

Ooru mú. Kò sí iná láti ìjẹta. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró lọ́sàn-án, mo tẹ́ okùn àtijọ́ sórí ẹní, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ bí ìgbà tí mo bá ń wá ibi tí aṣọ ti fẹ́ ya. Ibi méje. Ní ibì kan, fọ́nrán méjì péré ló kù tó di ara wọn mú. Mo gé ibẹ̀ kúrò, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, mo gbé àwo ọbẹ̀ tì í, mo sì fi ọmọrí dé e. Ó ṣí i. Okùn ló bá níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá Bùnmi, ẹran inú ọbẹ̀ yìí mà le o." Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó mú un, ó fà á, ó já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kò sì dápàárá mọ́.

Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

A lọ ra ẹ̀rọ. Ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni ọkùnrin tó ń tà á wà, tòkúńbọ̀ sì ni gbogbo ọjà rẹ̀. Ó gbé méjì jáde. Ńlá kan wà tí irin rẹ̀ gùn tó apá mi, kékeré kan sì wà. Bàbá Bùnmi wo ńlá yẹn bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Ó ń fọwọ́ pa á lára. Ó ní irú èyí ni àwọn agégi inú igbó ń lò. Mo ní àwọn agégi inú igbó, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí.

Mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dé èjìká, kó nà án síwájú bó ṣe máa ṣe lórí igi, kó sì ka Sáàmù kẹtàlélógún fún mi tán. Ọlọ́jà rò pé mò ń ṣeré. Bàbá Bùnmi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ mí. Ní pápá oko tútù, ó ṣì dára. Nígbà tó máa dé àfonífojì òjìji ikú, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó gbé kékeré, ó ka Sáàmù náà tán, ó tún mú ìkẹrìnlélógún mọ́ ọn láti fi yangàn lójú mi. Kékeré la rà. Owó rẹ̀ kò tó ti ńlá, nítorí náà ohun tó kù lọ́wọ́ wa á tó okùn. Ọlọ́jà ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi Bíbélì wọn ẹ̀rọ rí.

Ìṣẹ́gun, 17 Fẹ́búárì

Bàbá Bùnmi tò fún bẹntiróòlù láti ìdájí títí di aago kan, gálọ́ọ̀nù kan ló rí. Nígbà tí mo dà á, omi wà nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ tí mo máa ń fi ṣe ìtẹ́nú kóòtù sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ yìí kì í mu epo lásán, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n ọ́ìlì náà kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Mo ń wá ohun tí mo máa fi wọ̀n ọ́n, mo rántí ìgò tí Bùnmi fi ń mu mílíìkì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìlà ìwọ̀n wà lára rẹ̀ títí di òní. Bùnmi ti wà ní yunifásítì ní Ìlọrin, ìgò rẹ̀ wá ń bọ́ ẹ̀rọ ìgégi.

Mo tún gba fáìlì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń pọ́n eyín ṣéènì bí ẹni tó ń bá a jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni fún eyín kọ̀ọ̀kan, síwájú nìkan, kò sí fífà padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó jókòó tì mí, ó ń ka eyín náà fún mi bí mo ṣe ń pọ́n ọn, ó sì ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì kí n lè bá a wí.

Ajé, 23 Fẹ́búárì

Ọjà Ọba. Kúdírát ará Ìlọrin tó ń ta okùn gbé oríṣi méjì wá fún mi. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ aró, ó ń dán, ó lẹ́wà lójú. Èkejì funfun, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Mo ta kókó sí méjèèjì, mo fà á. Kókó ti aláwọ̀ aró ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti funfun dúró gbọnyin. Funfun ni mo mú, ogún apá. Kúdírát ní, "Ìyá Bùnmi, ṣé ẹ fẹ́ so Bàbá mọ́lẹ̀ ni?" Mo ní òkè ni mo fẹ́ so ó mọ́, ilẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó yára dé.

Mo rù ú bọ̀ wá sílé lórí. Inú mi dùn bí ẹni pé aṣọ ọdún ni mo rà.

Ẹtì, 27 Fẹ́búárì

Ó ṣú, kò rọ̀. Eruku ló kọ́kọ́ bo ojú ọ̀run, atẹ́gùn tó tẹ̀lé e gbé páànù ilé ìdáná àwọn aládùúgbò wa. Arère yẹn ni mò ń rò.

Àìkú, 1 Máàṣì

Mo gbé okùn lọ sí ìjọ nínú àpò ìránṣọ mi. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ra ọ̀kadà tí kì í gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá kí wọ́n gbàdúrà sí i, èmi náà gbé sísọ́ọ̀sì mi wá nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́. Ìyá Àgbẹ̀bí gbàdúrà gbígbóná sí i, ó sì fún mi ní ìgò òróró kan. Ó ní kí n fi díẹ̀ kàn án.

Bàbá Bùnmi lọ bá wọn ṣe ìpàdé ìlú, kò sí nílé. Mo tẹ́ okùn sórí ẹní. Díẹ̀ tí Ìyá Àgbẹ̀bí wí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ń fi òróró náà pa okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní apá kọ̀ọ̀kan mo ń wí pé, Olúwa yóò pa àlọ rẹ mọ́ àti ààbọ̀ rẹ. Ogún apá, ogún ìgbà. Ìgò náà tán pátá. Mo ká okùn náà dáadáa, ó ń dán, ó ń ta sánsán, mo sì ń kọrin. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbẹ̀bí ti gbé ọ̀rọ̀ igi wá.

Mi ò ní sọ fún Bàbá Bùnmi. Ọmọ ìjọ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé inú ọbẹ̀ ni ipò òróró.

Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Ó ní kí n gbé okùn wá kí òun wò ó. Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi ìka pa á, ó gbé e sún mọ́ imú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní, "Okùn rere ni. O ṣeun, Ìyá Bùnmi." Ó gbé e kọ́ padà.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Inú ń bí mi. Ó lọ sí Ìgbẹ́mọ láàárọ̀ yìí láti lọ bẹ Bàbá Bámgbóyè, àgbà ọ̀kọpẹ, pé kó bá òun hun igbà gígùn, kó sì bá òun gbé e wá lọ́la. Igbà. Ohun tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Mo ra okùn tuntun fún ọkùnrin, ó lọ yá ti ọ̀kọpẹ. Mo bi í pé kí ló ṣe okùn mi. Ó ní kò sóhun tó ṣe é. Mo ní kí ló wá fẹ́ fi igbà ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ràn Bàbá Bámgbóyè ni. Ọbẹ̀ tí mo sè fún un lónìí, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń bù ú sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà máa yí i padà nínú orí mi.

Bàbá Bámgbóyè dé ní aago méje, igbà rẹ̀ kọ́ sí i léjìká. Àwọn aboyún ti jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bàbá Bùnmi ju okùn funfun sórí ẹ̀ka ńlá, ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Kókó kan wà tó máa ń bá a rìn. Bó bá ń gòkè, á máa ti kókó náà lọ sókè lára okùn. Bó bá fara lé e, kókó náà á di okùn mú bí eyín ajá. Lẹ́yìn èyí ó tún fi igbà yí igi àti ìbàdí ara rẹ̀ ká. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé okùn méjì fún ọkùnrin kan, ṣé àpò gàrí ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó kọjá ibi tí igi ti yà sí méjì. Ó fa ẹ̀rọ sókè, ó fi ẹ̀yìn lé okùn kó lè gé ẹ̀ka àkọ́kọ́. Kókó kò mú. Mo rí i tó ń bọ̀. Ó yọ̀ wálẹ̀ tó gíga yàrá kan kí igbà tó há mọ́ èèpo igi, àyà rẹ̀ sì gbá igi, ó dúró níbẹ̀, ó ń mì. Ẹ̀rọ ń fì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí okùn tí ó fi so ó mọ́ ìbàdí. Ìyá Àgbẹ̀bí pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Bàbá Bámgbóyè mú okùn funfun, ó fi àtàǹpàkò àti ìka pa á pọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ugi kọ́," ní ohùn Èkìtì wọn, pé igi kọ́ ló fà á. Ó wò mí.

Ẹtì, 6 Máàṣì

Èmi tí mo gé okùn sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ta kókó lọ́jà tí mo ní èyí tó ń yọ̀ kò dára. Mo ra èyí tí kì í yọ̀, mo gbé e délé, mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di èyí tó ń yọ̀.

Mo fi oúnjẹ bọ́ ọ lẹ́nu nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ṣe bí ọmọ, ó ń la ẹnu sílẹ̀ kí ṣíbí tó dé. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 8 Máàṣì

Mi ò lọ sí ìjọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àpò ìránṣọ títí dé ogún apá.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní kí ni ẹ mọ̀?

Ó ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ìdí tí mo fi lọ sí Ìgbẹ́mọ nìyẹn."

Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ, tí ẹ fi gùn ún?

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí mo fi aṣọ dì. Ó ní, "Mo débi fèrèsé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ìpàdé ti tú. Ò ń ká okùn náà, ò ń kọrin. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ. Mi ò lè wọlé wá sọ fún ọ pé o ti bà á jẹ́. Mo ní igbà á gbà mí."

Ìbínú mú mi lójijì, omi sì ń já lójú mi. Mo pè é ní "ìwọ," ohun tí mi ò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé nítorí orin lo fi fẹ́ sọ mí di opó? Ta ni màá wá kọ ọ́ fún?" Ó ní òun jẹ̀bi. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. A ń jà du ẹ̀bi fún ìgbà pípẹ́.

A fi ọ̀rọ̀ kan dé e. Lórí irinṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ ṣojú àánú sí ẹnì kejì mọ́. Bí okùn kò bá dára, kó sọ ọ́ kí n bínú. Okùn kò mọ̀ pé a fẹ́ràn ara wa.

Ọjọ́bọ̀, 12 Máàṣì

Kò sí owó okùn mìíràn. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọ́ nínú ọpọ́n ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀ bàtà fọ ìdí fọ́nrán. Omi rẹ̀ ń yọ òróró bí omi ìfọkòkò ọbẹ̀. Mo sá a sábẹ́ òrùlé, nítorí Bàbá Bámgbóyè ní oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ okùn ọ̀rá. Nígbà tó gbẹ, mo so yanrìn àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ́ ọn lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo ta kókó tó ń rìn yẹn. Ó yọ̀. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó yọ̀.

Ajé, 16 Máàṣì

Atẹ́gùn ńlá lọ́sàn-án. Ẹ̀ka arère kan wó lulẹ̀, ó sì fọ́ òrùlé ilé ìdáná ilé àgbẹ̀bí. Ìyá ọmọ tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi gbígbóná jáde níbẹ̀ ni. Ìyá Àgbẹ̀bí ti kó gbogbo wọn sí yàrá iwájú, wọ́n há bí iṣu nínú apẹ̀rẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ Bàbá Bùnmi, ó bi mí pé ìgbà wo. Mo sọ ohun tí mo fi òróró rẹ̀ ṣe fún un. Ó jókòó wàì. Ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, ìgò ọdún kan ni mo fún ọ. Díẹ̀ ni mo wí." Ó wò mí, ẹ̀rín mú un, ó di ẹnu mú, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Òjò ti ń bọ̀ o."

Ọjọ́bọ̀, 19 Máàṣì

Ìfọ̀ kẹfà. Kò yọ̀.

Mo fi àpò kejì kún un. Kò yọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí mo fi ran bùbá méjì tán. Mo fi ẹfun fa ìlà sára okùn lábẹ́ kókó, kókó kò kúrò lórí ìlà náà.

Àbámẹ́ta, 21 Máàṣì

Ẹ̀rọ kọ̀, kò tan. Adérẹ̀mí tó ń tún ọ̀kadà ṣe yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó dúdú bí èédú. Ó ní ọ́ìlì pọ̀ jù nínú epo. Ó kù díẹ̀ kí n bá a jà, àfi ìgbà tí mo rí i pé Bàbá Bùnmi ló po epo náà lánàá, tí ó sì fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó ní òun kò fẹ́ dà mí láàmú. Mo gbé ìgò Bùnmi síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ fún ìgò náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgò." Adérẹ̀mí fọ púlọ́ọ̀gì, ẹ̀rọ tan. Ọwọ́ Bàbá Bùnmi ti jiná, awọ tuntun pupa ti bò ó.

Ọjọ́bọ̀, 26 Máàṣì

Òní ni. Bàbá Bámgbóyè ti dé pẹ̀lú igbà rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé àga fún un.

Wọ́n ju okùn sórí ẹ̀ka. Bàbá Bùnmi ń bọ̀ wá so ara rẹ̀, mo ní kó dúró. Mo ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ kan sábẹ́ ìró láti ilé. Mo bọ́ ìró, mo so ara mi mọ́ okùn náà lójú Ìyá Àgbẹ̀bí àti gbogbo aboyún, mo ti kókó sókè débi tí ọwọ́ mi gùn mọ, mo sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n okùn kò ṣe é wò lókèèrè. Mo ń fì níbẹ̀. Ara mi kì í ṣe fífúyẹ́, gbogbo ẹni tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi mọ̀. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún tán. Kókó kò rìn. Bàbá Bámgbóyè ní, "Usẹ́ ti tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mo ka ìkẹrìnlélógún mọ́ ọn kí n tó sọ̀.

Bàbá Bùnmi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Ìyá Àgbẹ̀bí bóyá òróró kù. Ó ṣẹ́kù nínú ìgò mìíràn. Ó ní kí wọ́n gbé e fún mi. Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba níwájú mi, ọkùnrin tó ní inú ọbẹ̀ ni ipò òróró. Ó ní, "Ibí ni kó o fi í sí. Díẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kàn án." Mo fi ìka kan kàn án níwájú orí. Mo fọ ọwọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ kí n tó bá a wọ ìbọ̀wọ́.

Ó gùn. Igbà wà ní ìbàdí rẹ̀, okùn funfun wà lókè rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn lé e. Ó dì í mú.

Àbámẹ́ta, 28 Máàṣì

Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ka méjìlá, lẹ́yìn rẹ̀ ìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn àtijọ́ la fi ń sọ wọ́n kalẹ̀, ibi tó ṣì dára lára rẹ̀. Mo pọ́n ṣéènì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Páànù kan kò bàjẹ́. Nígbà tí kùkùté kù, a rí i pé ihò inú rẹ̀ gba ọmọdé. Bàbá Bùnmi jókòó sórí rẹ̀, ó ní kí n gbé omi wá fún òun, ká lọ sí "ulé." Bí Èkìtì ṣe ń pe ilé ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run fẹ̀ lókè ilé àgbẹ̀bí, ó ṣàjèjì lójú wa.

Ẹtì, 3 Éépírì

Òjò àkọ́rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń gbé ìjókòó. Mo sáré jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta wà lórí wáyà, bùbá Kúdírát pẹ̀lú, okùn funfun sì wà lábẹ́ òrùlé níbi tí òjò ń fẹ́ dé. Okùn ni mo kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí mo padà fún aṣọ, ó ti rin gbindin. Màá fara da Kúdírát lọ́la.

Ọmọ Ìyá Àgbẹ̀bí kan gba inú òjò wá, ó ní wọ́n ní kí òun sọ fún wa pé obìnrin méjì ti bí, àti pé òrùlé dúró. Ó sáré padà.

A jókòó sínú ilé, òjò ń lu páànù, a kò lè gbọ́ ara wa dáadáa. Bàbá Bùnmi ń wo okùn tí mo ká sórí àga tí àlejò ń jókòó sí. Ó pariwo sí mi létí pé kò sí iṣẹ́ títí òjò máa fi dá, bóyá títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, okùn ti wà nílé, ẹ̀rọ ti wà nílé, kò sí ohun tí ọwọ́ òun máa dì mú. Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe sí i.

Ó ní kí n gbé ìgò òróró tí Ìyá Àgbẹ̀bí fi sílẹ̀ fún mi wá. Ó bọ́ sí iwájú mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan mi. Ó ní kí n má ṣe díẹ̀.